Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfáárà àti Ọmọ Onídìrí

Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé máa dìde fún òun, kó má jẹ́ kí wọ́n mọ̀wé kà, torí ẹni tí ìwé bá gbé lọ kì í tètè gbójú sókè. Ọ̀gá fákọ́tì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń yà á lẹ́nu tó bá bá ìwé pàdé níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọkùnrin náà. A ò fi í ṣẹ̀sín o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni lóòótọ́: ó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó wà lára mọ́tò rẹ̀, ó wà lára ife tó fi ń mu omi. Bí èèyàn bá ṣèèṣì pè é ní "ọ̀gá" lásán, á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni tó ń bá wọn wá ẹni tí wọ́n ń pè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ìfáárà, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ láwùjọ rí tó kọjá ìfáárà. "Kí n tó bẹ̀rẹ̀" ló máa fi ṣí i, á sì máa sọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó bẹ̀rẹ̀ títí àwọn olùgbọ́ á fi sùn, tí wọ́n á jí, tí wọ́n á tún sùn. Àwọn tó sún mọ́ ọn mọ ìdí mìíràn. Ìwé kún ọ́fíìsì rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, ìfáárà wọn nìkan ló sì ti kà. Àwọn ojú ewé tó kù ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé dé.

Ó ní igbákejì kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá mú kó tó bọ́ sílẹ̀. Bí Ìfáárà bá wo ojú fèrèsé níbi ìpàdé tó ní, "Ó jọ pé òjò máa rọ̀," Bẹ́ẹ̀-ni-sà á gbé bírò sílẹ̀, á mi orí pẹ̀lú ìrora, á ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ó jinlẹ̀." Ìfáárà á sì tún un sọ. Àwọn olùkọ́ tó kù á pàtẹ́wọ́, torí ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ lè bá ara rẹ̀ nídìí kíláàsì aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Lábẹ́ ọkùnrin yìí ni obìnrin olùkọ́ kan ti ń jẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ló ń kọ́ ní ìwé kíkà, wọ́n sì ń pè é ní Kà-á-sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ á dìde, á ní, "Mà, ohun tí òǹkọ̀wé ń gbìyànjú láti sọ ni pé..." Òun á ní, "Fi ohun tó ń gbìyànjú sílẹ̀ ná. Kí ló kọ? Kà á sókè." Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó mọ̀ pé àwọn ọmọ kò kórìíra ìwé; ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà wọ́n. Wọ́n ń wò ó bí ilé olówó, tí èèyàn gbọ́dọ̀ nu ẹsẹ̀ dáadáa kó tó wọ̀. Lóṣù àkọ́kọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi í: "Mà, ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò?" Bó bá wá di ọjọ́ kan tí ẹnì kan gbàgbé láti béèrè, tó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jà lórí bóyá ìyá inú ìtàn jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi, Kà-á-sókè á yíjú sí pátákó, á máa nu ohun tí kò sí níbẹ̀, kí wọ́n má baà rí bí inú òun ti dùn tó.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí wọ́n bá sì ní kó kàwé sókè, ohùn rẹ̀ kì í kọjá àga tó wà níwájú rẹ̀. Olùkọ́ ní kí oníkálukú kọ ìtàn kan. Àwọn yòókù mú ojú ewé kan wá, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ kó lè tètè kún. Adákẹ́ mú odindi ìwé wá. Ìtàn káfíńtà kan ni, tó ń kan ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ilé tiẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò wá nǹkan mìíràn láyé ju ilẹ̀kùn kan tó lè tì kó tó sunkún. Kà-á-sókè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nílé ìdáná, ó jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì. Àwọn ọmọ lẹ èèpo ẹ̀yìn líle mọ́ ọn, wọ́n tẹ àkọlé sí i: Ilé Tí Kò Nílẹ̀kùn. Ojú ń ti Adákẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun. Nígbà tó jẹ́ pé irun ni ìyá rẹ̀ ń ṣe jẹun, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé "Ọmọ Onídìrí" ló ni ín. Bí ìwé náà ṣe wá dà bí èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Wàhálà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Ìfáárà ṣìnà wọ yàrá ìkàwé. Ilé ìtọ̀ ló ń wá. Yàrá kún fọ́fọ́, gbogbo wọn dorí kodò. Ìfáárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wú àyà, ó ń retí kí àga máa dún. Àga ò dún. Ó wúkọ́. Ẹnì kan ṣí ojú ewé. Ó tún wúkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sọ́síbítù. Ọmọkùnrin kan tí kò tiẹ̀ wo ibi tó wà ní, "Ẹ rọra o, à ń kàwé."

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀," ni Ìfáárà wí, "àìsàn kan ti wọ fákọ́tì wa. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo wọlé, orí ni mo rí, mi ò rí ojú! Ẹ̀yin ará, ṣé orí la fi ń kí àgbà ni? Ìmọ̀ tó bá dáńgájíá gbọ́dọ̀ máa wo òkè. Ta ló wà lókè?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà dáhùn. Ó fọwọ́ bojú. "Ẹ foríjì mí, sà. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara."

Wọ́n ṣòfin pé níbikíbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń kàwé, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti yọ, kó pa ìwé dé, kó dìde, kó sì kí i kíkí tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń gbé Ìfáárà gba yàrá ìkàwé lemọ́lemọ́. Kò sẹ́ni tó lè ka ojú ewé kan tán mọ́. Àwọn ọmọ bá kúkú fi yàrá sílẹ̀ fún un. Nígbà tó wọlé tó bá àga òfìfo, tí kò rẹ́ni dìde fún un, ó ní yàrá náà kò wúlò mọ́, kí wọ́n kó ìwé inú rẹ̀ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ di Gbọ̀ngàn Ìrántí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kà-á-sókè nawọ́ níbi ìpàdé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrántí ta ni?"

"Ìrántí èmi."

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣì wà láàyè, sà."

"Ohun tó jẹ́ kí n lè bójú tó o nìyẹn," ni Ìfáárà dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kó ìwé wọn bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì wà, àfi pé àtẹ̀gùn náà ló já sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ rò pé inú á bí i? Rárá. Inú rẹ̀ dùn. Látìsàlẹ̀ dókè ni wọ́n ti ń dìde fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kí i, tó ń dáhùn, bí ọba tó ń gun orí ìtẹ́. Nígbà mìíràn, bó bá dókè tán, á rántí pé òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ipò ọ̀gá gbogbo yunifásítì ṣófo, àti pé ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wo bí àwọn ọ̀gá fákọ́tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìfáárà ránṣẹ́ pe Kà-á-sókè.

"Àwọn ọmọ rẹ yẹn," ló wí, kò ní kó jókòó, "mo fẹ́ kí wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, kí ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu, àfi láti kí mi."

"Sà, tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa ṣí yàrá ìkàwé padà?"

Ìfáárà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé tí wọ́n fi fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ títí lọ wà lórí tábìlì mi níbí. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Bí nǹkan kan bá ba ọjọ́ yẹn jẹ́, mi ò ní fọwọ́ sí i mọ́. Ó dàbọ̀."

Nígbà tí Kà-á-sókè délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé fíríìjì ló ń tún ṣe. "Bàbá ọmọ, ṣé kí n kàn dákẹ́ ni?"

Ọkọ rẹ̀ ń jẹun lọ. "Fíríìjì tó bá ń pariwo ṣì ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Èyí tó bá dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

"Èmi kì í ṣe fíríìjì o."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀." Ó bá a kó abọ́, èyí tí kì í sábà ṣe. Obìnrin náà mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ náà ń ba ọkọ òun náà lẹ́rù.

Ọjọ́ pé. Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣe adájọ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ó ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń tẹ̀lé e, Ìfáárà wà lápá ọ̀tún, Bẹ́ẹ̀-ni-sà wà lápá òsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí. Ní agbede méjì àtẹ̀gùn, orúnkún Màmá Adájọ́ ní ó tó. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín àwọn ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adákẹ́ gan-an, ó mí kanlẹ̀, ó nawọ́ gba ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn.

"Ilé Tí Kò Nílẹ̀kùn," ló kà. "Mi ò rí èyí rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kà á?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin mìíràn ì bá sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kì í dun èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n "rárá" kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn Ìfáárà.

"Mo ti kà á tán, mà!" ló wí. "Ìwé ńlá ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé ló dá lé. Òǹkọ̀wé ń kìlọ̀ fún ìjọba pé ibodè wa ti ṣí sílẹ̀ jù."

Ọmọkùnrin kan tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Ọmọ Onídìrí," ni Màmá Adájọ́ kà lẹ́yìn ìwé náà. "Ta lẹni yìí?"

"Háà!" Ìfáárà fọwọ́ lé àyà. "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Èmi àti ẹ̀ la jọ kàwé lókè òkun, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan báyìí. Ó máa ń hanrun."

"Mo máa fẹ́ rí i," ni ìyá náà wí.

Ojú Ìfáárà yí padà. Ó rí i pé wọ́n lè ní kóun lọ mú ọ̀rẹ́ náà wá. Ó sì gba ọ̀nà tó yá jù. "Ó mà ṣe o, mà. Ó ti kú."

"Kí ló pa á?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ ìdágbére nígbà tí wọ́n ń sin ín."

"Mo wà níbẹ̀, mà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà fi kún un, kò sì sẹ́ni tó bi í. "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Kà-á-sókè, tó dúró ti àwọn ọmọ rẹ̀, fara ti ògiri. Ó wo Adákẹ́, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó rántí ìwé tó wà lórí tábìlì tí wọn ò tíì fọwọ́ sí. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó wà lójú ewé. Wọ́n sì ń sin akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀ báyìí. Ìfáárà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìbànújẹ́ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

"Ẹ jẹ́ ká dìde," ló wí, "ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti bọlá fún olóògbé."

Gbogbo wọn dìde. Màmá Adájọ́ fọwọ́ ti orúnkún, òun náà dìde. Bẹ́ẹ̀-ni-sà tẹ orí ba bí ewé tí oòrùn pa. Adákẹ́ dìde pẹ̀lú wọn, ó pa ọwọ́ pọ̀ síwájú, ó sì bọlá fún ara rẹ̀ títí ìṣẹ́jú náà fi pé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, Ìfáárà sì fi ọwọ́ kàn án léjìká láti tù ú nínú.

Nígbà tí wọ́n jókòó padà, ìyá náà yíjú sí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìwọ náà ń kọ́? Kí lo rí sí ìwé yìí?"

Adákẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi."

Ọmọ náà wo olùkọ́ rẹ̀. Kà-á-sókè mọ ohun tí ìyẹn máa ná òun. Ó mi orí sí i: sọ ọ́.

"Mo ní mi ò lè dájọ́ rẹ̀ fúnra mi, mà," ni Adákẹ́ wí, ohùn náà dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó tún gòkè padà. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá mi ló ń ṣe irun. Mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ìyá náà wo ọmọ yìí, ó wo ìwé, ó wá wo Ìfáárà bó ṣe ń wo àwọn òpùrọ́ tí wọ́n ń kó wá síwájú rẹ̀ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ Onídìrí méjì ló wà, mà," ni Ìfáárà sáré wí.

"Ṣé ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kọ?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. Ìmọ̀ gbòòrò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni igbákejì rẹ̀ wí. Àṣà ló mú un.

Ìyá náà bi Adákẹ́ bóyá òun lè mú ẹ̀dà kan lọ sílé, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Wọn ò dé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ipò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Ohun tó pa Ìfáárà gan-an ni òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rú u rárá. Bó bá ti yọ, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á dìde, wọ́n á sì kí i kíkí tó yẹ ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọ̀jọ̀gbọ́n." "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, sà." "Ọlọ́run á tu yín nínú, sà." Látìsàlẹ̀ dókè. Kí ló fẹ́ sọ? Kò ṣeé bá ẹni tó ń bá èèyàn kẹ́dùn jà. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà wọlé. Onídìrí fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kóòmù ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ọkùnrin tó sin ọmọ mi?" Ìfáárà ti ilẹ̀kùn mọ́rí títí wọ́n fi bẹ obìnrin náà lọ.

Wọ́n yọ ọ́ nípò kí ìdánwò tó dé, wọ́n sì fi igbákejì rẹ̀ ṣe adelé. Nígbà tí wọ́n bi Bẹ́ẹ̀-ni-sà léèrè ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ó ní òun kò débẹ̀ rárá, òjò ni kò jẹ́. Ó tètè ṣí yàrá ìkàwé padà, torí ó ti gbọ́ pé Màmá Adájọ́ fẹ́ràn ìwé. Ohun kan náà ló jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé Kà-á-sókè. Èèyàn ò gbọdọ̀ máa wo ẹnu ọ̀nà tí oore gbà wọlé jù.

Kíláàsì ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n fún Ìfáárà láti máa kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kà-á-sókè ń máàkì ìwé, ó gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìfáárà ló wọlé. Ó dúró bí ẹni tó wá tọrọ iná.

"Mo fẹ́ yá ìwé kan," ló wí. "Àwọn ọmọ yẹn ń bi mí ní ìbéèrè." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Kó má nípọn jù."

Kà-á-sókè ti ń ro ohun tó máa sọ bí irú ọjọ́ yìí bá dé láti ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn, ó mú. Ó wá wo ọkùnrin náà, kò rí i lò. Ó fa ìwé ìtàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú pẹpẹ, nípa obìnrin kan tó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, tó wọ ọkọ̀ lọ. Ìfáárà gbé e sábẹ́ apá, ó lọ.

Kò pẹ́ tó fi padà wá, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí. Irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ó ju ìwé náà sórí tábìlì.

"Kí ló dé tí obìnrin yẹn ò padà sílé?" ló bi í. "Ọmọ ń sunkún! Wọ́n gbé oúnjẹ dè é! Ó kàn lọ ni, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn!"

"Kí lẹ rò pé ó fà á, sà?"

"Mi ò mọ̀! Inú ń bí mi ni!" Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní ìwékíwèé ni, ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò ní ojú àánú, ó ní bó bá jẹ́ pé òun ṣì wà nípò ni, òun ì bá ti fi òfin dè é. Ó bá a jà títí aago kíláàsì Kà-á-sókè fi kọjá, tí àwọn ọmọ fi ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Ó dìde níkẹyìn, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ṣé ó ní apá kejì?" ló béèrè.